Ìwé Àìsàn fún Àgbò Tí Kò Ṣàìsàn

Ọ̀dà pupa ló tú wa láṣìírí, gbogbo wa pátá. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọjọ́ tí ìjọ wa ń ṣe ìrántí Paraschiva Mímọ́, ni a máa ń tú àwọn àgbò sílẹ̀ sáàárín àwọn abo àgùntàn ní abúlé wa, lẹ́yìn tí a ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún oṣù mélòó kan. Ìgbéyàwó àgùntàn la ń pè é. Kí a tó tú wọn sílẹ̀, a ó po ọ̀dà mọ́ òróró, a ó fi kun àgbò kọ̀ọ̀kan láyà, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan dúdú. Abo tí a bá bá àwọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lówùúrọ̀, a mọ̀ pé ọkọ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a sì mọ ọkọ tó dé. Kò sídìí tí èèyàn fi ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún yẹn, pupa la kun Voinic. Voinic ni àgbò tuntun tí gbogbo ẹgbẹ́ alágùntàn pawọ́ pọ̀ mú wá láti òdìkejì òkè, ẹran tó ga, tó ki, tí ìwo rẹ̀ méjèèjì ká bí okùn tí a wé. Tọmọdé tàgbà ló jáde wá wò ó lọ́jọ́ tó dé. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ kejì kọjá, búlúù ti kún ẹ̀yìn àwọn abo, dúdú náà kò gbẹ́yìn, ṣùgbọ́n a kò rí pupa rárá. Ọjọ́ kẹrin la tó rí i. Ẹ̀yìn àgbò Gavrilă ló wà.

Gavrilă yìí ni àgùntàn rẹ̀ pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnu rẹ̀ sì pọ̀ ju àgùntàn rẹ̀ lọ. Ó ní ẹnì kan ló ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹni náà ló yọ́ wá kun àgbò òun, àti pé ọjọ́ tí òun bá mú un, òun náà yóò kùn ún láti orí dé ẹsẹ̀. Odindi ọjọ́ méjì ló fi ba lẹ́yìn ọgbà pẹ̀lú Bàbá Toader, olórí àwọn olùṣọ́-àgùntàn, láti mú ọ̀daràn náà. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń se wàrà tó kẹ́yìn ọdún, nítorí èmi, Safta, ni mo ti ń ṣe wàràkàṣì ẹgbẹ́ láti ọdún tí ọkọ mi ti kú. A kò rí ọ̀daràn kankan mú. Ojú gbogbo wa ni Voinic ṣe kọjá láàárín àwọn abo láì wo ọ̀kankan, tó lọ tààrà, tó gbé àyà pupa rẹ̀ lé ẹ̀yìn àgbò Gavrilă. Ìyẹn náà kò sá. Ó dúró, ó ń jẹ koríko rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo rí ojú Bàbá Toader, mo gbé e mì.

Bàbá Toader ní kò sí ohun tí a fẹ́ jókòó sọ lórí rẹ̀, pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni òun yóò pa ẹran náà. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ìjọba wà létí rẹ̀, a kò sì lè pa á kí ìjọba sì fún wa ní òmíràn bí dókítà ẹranko kò bá kọ̀wé pé àìsàn ló ń ṣe é. Ìwé kan péré, kó tẹ òǹtẹ̀ sí i, ó parí. Dókítà ẹranko agbègbè wa ni Achim. Achim ni ọmọ mi, òun nìkan ni mo sì bí.

Ẹ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ àgbò kò tó ohun tó yẹ kó já ìyá láyà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, mò ń wá bí mo ṣe máa tún ẹ̀rọ tí mo fi ń yọ ọ̀rá wàrà ṣe lórí fóònù mi, ni àwòrán kan bá yọ sí mi. Ìwọ́de ni, ní ìlú Cluj. Àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn tí ara tí wọ́n bí mọ́ wọn kò bá ọkàn wọn mu, gbogbo wọn ló tú jáde, wọ́n ń jó, àsíá aláwọ̀ òṣùmàrè sì kún títì. Ọmọ mi wà láàárín wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín bí mi ò ṣe rí i kó rẹ́rìn-ín nínú ilé mi láti ìgbà tó ti wà ní kékeré. Mo pa fóònù náà, mo tì í bọ inú àpótí ìyẹ̀fun fún ọjọ́ mẹ́ta, bíi pé òun ló ṣẹ̀ mí.

N kò sọ fún Achim pé mo rí nǹkan kan, n kò sì sọ fún ẹlòmíràn. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé e sínú.

Mo mọ abúlé wa ni. Nígbà tí mo wà ní ọmọge, ọmọ télọ̀ kan wà níbí tó ń jẹ́ Nelu, tí wọ́n ní wọ́n rí òun àti sójà kan ní etí odò. Ẹnikẹ́ni kò nà án, ẹnikẹ́ni kò sì lé e. Àwọn èèyàn kàn ṣíwọ́ àtimáa gbé aṣọ lọ fún bàbá rẹ̀ rán ni. Kí yìnyín tó yọ́ lọ́dún yẹn, ilé wọn ti ṣófo. Mo wà lára àwọn tí kò gbé aṣọ lọ mọ́. Aṣọ ìgbéyàwó mi gan-an, ibòmíràn ni mo ti lọ rán an.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kò le. Mo fẹ́ kí Achim fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n pa àgbò, kí ẹnu pa mọ́. Igi gọgọrọ má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó yẹ ẹran náà wò, ó sì gba ilé mi wá jẹun ní ìrọ̀lẹ́. Mo ro màmàlígà, òkèlè àgbàdo wa, mo bu wàràkàṣì àti ọ̀rá wàrà lé e bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Mo jẹ́ kó jẹ díẹ̀ kí n tó bi í pé kí ló rí.

"Ara ẹ̀ le ju tèmi lọ, Màmá. Kò sí nǹkan tó ń ṣe é."

"Wọn ò ní kó o wá nǹkan tó ń ṣe é. Wọ́n ní kó o kọ ọ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní àìsàn wo wá ni kí òun kọ. Mo ní kó kọ aràn inú, ta ni yóò la inú ẹran wò. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn onímọ̀ ti ka irú àgbò bẹ́ẹ̀, pé bí a bá kó àgbò mẹ́wàá sí méjìlá jọ, ọ̀kan sábà máa ń wà láàárín wọn tó jẹ́ pé àgbò ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wù ú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bí i. Ó ní kò sí oògùn rẹ̀ nítorí kò sí àìsàn níbẹ̀. Mo ní ẹ̀kọ́ kọ́ ni mo ní kó wá kọ́ mi. Mo ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó fọwọ́ sí ìwé àwọn àgbààgbà kí ọjọ́ lè kọjá.

Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo rántí adìyẹ dúdú wa.

Báwo ni n kò ṣe ní rántí? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn. Adìyẹ náà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí àkùkọ ní àárọ̀, ogbe orí rẹ̀ sì pọ́n. Ní ọ̀dọ̀ wa, adìyẹ tó bá kọ bí àkùkọ, òkú ló ń pè wọlé. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó gbé e sílẹ̀ nídìí ògiri, a ó máa yí i lórí-nírù, lórí-nírù, títí dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ìrù ló bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, a ó gé ìrù rẹ̀, a ó dá a sí. Bó bá jẹ́ orí, orí la ó gé. Orí ló bọ́ sí i. Ọjọ́ méjì ni Achim fi sunkún, kò sì jẹ nínú ọbẹ̀ náà.

"Ẹ sọ fún mi nígbà yẹn pé ohun tí ò bá ti jọ irú ẹ̀, ibi ló ń gbé bọ̀," ó ní. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣì rò?"

Mo mọ ohun tó ń bi mí. Ọlọ́run mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ó tẹjú mọ́ mi láti òdìkejì tábìlì, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi, ohun tó kù kò ju kí n wọlé lọ. Mo ní màmàlígà rẹ̀ ń tutù.

Ó dìde, ó mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ó dúpẹ́ oúnjẹ, bí mo ṣe kọ́ ọ, ó ní a ó ríra lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Toader wá bá mi nídìí ìkòkò wàrà. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ni ó gbé apá orí pósí ọkọ mi lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó yọ fìlà, ó ní kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ó ní Gavrilă ti ń bi àwọn èèyàn léèrè ìdí tí ọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò fi tíì ní ìyàwó, tó sì ń wọ ọkọ̀ lọ sí Cluj ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ó ní ìwé yẹn ni yóò pa á lẹ́nu mọ́. Mo ní mo gbọ́. Wàrà náà hó dà sínú iná lójú mi, n kò sì gbé e kúrò.

Ọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti wà ní ọgbà nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kùrukùru ṣì bo orí òkè, èmi sì wà nídìí ìkòkò wàrà mi. Wọ́n ti so Voinic mọ́ òpó, Bàbá Toader sì ń pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ lára òkúta láì wo ẹnì kankan lójú. Gavrilă ti tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì tí mo fi ń tẹ wàràkàṣì, ó gbé bírò lé e, ó ti pèsè gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò.

Achim dé, ó kí àwọn àgbààgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó dá a padà sórí tábìlì.

"Ẹ má bínú, mi ò lè fọwọ́ sí i. Ẹran yìí ò ṣàìsàn."

"Àgbò tó ń gun àgbò, o ní ò ṣàìsàn?" Gavrilă ní. "Kí ló wá kù tó fẹ́ ṣe, Dókítà? Ṣé kó máa wọ yẹ̀rì?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Achim dúró kí ẹ̀rín náà tán.

"Ẹ̀gbọ́n Gavrilă, àwọn pẹ́pẹ́yẹ funfun méjì tó wà lágbàlá yín ńkọ́, àwọn tí wọ́n jọ ń rìn, tí wọ́n jọ ń sùn láti bí ọdún mẹ́fà?"

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Akọ làwọn méjèèjì."

Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́ẹ̀kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní abájọ tí ìyàwó Gavrilă fi ń wá ẹyin wọn kiri láti ọdún mẹ́fà wá. Ọrùn Gavrilă pọ́n. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé yóò fẹ́ gbẹ̀san ẹ̀rín yẹn lára ọmọ mi.

Ṣùgbọ́n Achim kò rẹ́rìn-ín. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe máa ń bá ẹran tí ẹ̀rù ń bà sọ̀rọ̀. Ó ní ìgbín tí wọ́n ń ṣà kúrò lára ewé nínú ọgbà wọn, ìyá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá sì ni pẹ̀lú. Ó ní ẹja kan wà nínú òkun lọ́dọ̀ àwọn ará Gíríìsì, tó jẹ́ pé akọ ni nígbà tó bá kéré, bó bá dàgbà tán, á di ìyá, á sì máa yé ẹyin. Ó ní kò sí ẹni tó ń kọ̀wé àìsàn fún wọn, wọ́n sì ń bí sí i, wọ́n ń rẹ̀ sí i. Ó ní Ẹni tó dá òkè yìí kò fi òdiwọ̀n ẹyọ kan dá ohun tó wà lórí rẹ̀, àti pé ọdọọdún la ń ṣe ìgbéyàwó àgùntàn, a kò tíì fìgbà kan pe gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó ní ká fi Voinic sílẹ̀ fún irun rẹ̀, irun náà dára, ká wá àgbò mìíràn fún àwọn abo. Mo rí àwọn méjì mẹ́ta tó mi orí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wọlé.

Gavrilă rẹ ohùn sílẹ̀. Ó máa ń léwu nígbà tó bá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó jọ pé o mọ ọ̀rọ̀ yìí dójú àmì, Dókítà. Ta ló kọ́ ẹ?"

Ọwọ́ mi wà lára ìkòkò gbígbóná, n kò sì mọ̀ ọ́n lára títí ó fi bó. Achim fà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan. Mo rò pé ó ń bọ́ sẹ́yìn kúrò nínú rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi. Mo gbàgbé pé àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí èmi náà. Ọkùnrin ni mo fẹ́ràn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ àìsàn sí àgbò yìí lọ́rùn, kó ti orí mi bẹ̀rẹ̀."

Agogo kan dún lọ́rùn àgùntàn, ó dákẹ́. Gavrilă tutọ́ sílẹ̀, ó wo àwọn tó kù bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Bàbá Toader kò wo Achim. Èmi ló wò.

"Safta, ṣé o mọ̀?"

Àánú ló fi béèrè, ẹ má ṣi bàbá náà gbọ́. Ó fẹ́ yọ mí. Bí mo bá ní n kò mọ̀, mo di ìyá tí ọmọ tàn jẹ. Wọn á di apá mi mú dé ilé, ìyàwó wọn á gbé oúnjẹ wá, wàrà wọn á ṣì máa wá sínú ìkòkò mi lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ọ̀kan lọ. Mo wò ó dáadáa, n kò ní purọ́ fún yín, mo wò ó ju bó ṣe yẹ lọ.

"Mo mọ̀," mo ní. Ohùn mi kò le, ṣùgbọ́n ó jáde. "Láti oṣù kẹfà. Mo mọ̀, mo sì ní kó kọ aràn inú. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń kó ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ mi fún ẹ̀yin. Ó tó. Ọmọ mi ò ṣàìsàn. Ẹni tó bá ní ó ṣàìsàn, kó wá ẹlòmíì táá máa se wàrà ẹ̀."

Bàbá Toader wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. Ó rìn lọ síbi òpó. Achim yára bọ́ síwájú ẹran náà. Bàbá náà dúró.

"Mọ́kànlá," ó ní.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé.

"Ọdún kẹtàlélógójì rèé tí mo ti ń da àgùntàn. Mọ́kànlá irú ẹ̀ ni mo ti pa. Mo máa ń sọ fún yín pé wọ́n yarọ. Mo máa ń sọ pé wọ́n jẹ ewé burúkú. Kò sí ìkankan tó yarọ nínú wọn." Ó ti ọ̀bẹ bọ inú àkọ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn kúrò lára òpó, ó fi lé Achim lọ́wọ́. "Mi ò ní pa ìkejìlá. Mú un lọ."

Gavrilă ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun yóò kó àgùntàn òun kúrò nínú agbo. Bàbá Toader ní ó mọ ibi tí ilẹ̀kùn ọgbà wà. Ọkùnrin márùn-ún ló bá Gavrilă lọ. Àwọn tó kù dúró, wọ́n ń wo bàtà ara wọn. Ìyẹn ni mo rí gbà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

A sọ̀ kalẹ̀ gba ọ̀nà ilé, Achim níwájú pẹ̀lú ẹran, èmi lẹ́yìn. Inú mi ń dùn, kí n má tàn yín. Mo ń retí pé yóò dúró, yóò dì mọ́ mi. Kò dúró.

"Láti oṣù kẹfà," ó ní, kò wẹ̀yìn. "Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo fi jókòó nídìí tábìlì yín, tí mò ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ẹ ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

"Lọ́jọ́bọ̀ náà, nígbà tí mo bi yín."

"Lọ́jọ́bọ̀ náà."

Ó dúró nígbà náà. Voinic bẹ̀rẹ̀ sí í já koríko etí ọ̀nà. Mo wá àwáwí kan nínú ara mi, n kò rí i. Mo sọ fún un bó ṣe rí gan-an, pé ojú tì mí, pé ẹ̀rù àwọn èèyàn wọ̀nyẹn bà mí, àti pé mo fẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé àìsàn ni irú rẹ̀, kí èmi lè máa bá wọn gbé ní ìrọ̀rùn. Mo ní kó dárí jì mí.

Ó nu ojú rẹ̀. Ẹni tó dúró láàárín ọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láì mira, okùn ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Mi ò tíì lè dárí jì yín lónìí, Màmá."

"Mo gbọ́."

"Àmọ́ ẹ bá mi di okùn yìí mú. Ọwọ́ mi ò dúró."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jọ ń lọ.